Ọkọ Sọnù, Ọkọ̀ Fẹ́ Ṣí

Ní èbúté ńlá kan, lábẹ́ àtẹ̀gùn, fèrèsé onígíláàsì kan wà tí wọ́n kọ OHUN TÓ SỌNÙ sí lórí. Akọ̀wé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í kánjú, jókòó lẹ́yìn ẹ̀, ó ń nu agboorùn tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìyá aránṣọ kan já dé pẹ̀lú báàgì léjìká, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gíláàsì náà gbàgbàgbà.

"Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi sọnù!"

Akọ̀wé sún etí mọ́ ihò kékeré tó wà láàárín gíláàsì. "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ọkọ̀ yín sọnù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ibí yìí ni mo fi í sí. Mo yíjú báyìí, kò sí mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Irú ẹ̀ ti ń pọ̀ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Kí ni àwọ̀ ẹ̀?"

"Dúdú."

"Ṣé tuntun ni, àbí àlòkù?"

Ìyá aránṣọ wò ó fín-ín. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni ọmọ náà fẹ́ fi òun ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ bá obìnrin yìí ṣẹ̀fẹ̀, kó ti jẹun yó nílé.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ lò ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ẹ̀ ni mo ti gbà á, ìyá ẹ̀ sì ti bà á jẹ́ kó tó dọ́wọ́ mi."

"Ta ló ń wà á?"

"Ó rò pé òun ló ń wa ara òun. Èmi ni mo wà nídìí sítíárìn láti ọjọ́ yìí wá."

"Ṣé ó máa ń pariwo?"

"Lóru nìkan. Tó bá ti sùn báyìí, gbogbo àjà á máa gbọ̀n."

"Ẹ́ńjìnnì nìyẹn, mà. Ṣé ẹ ti fi han mẹkáníìkì?"

"Dókítà ló wò ó. Ó ní kò ní àtúnṣe, kí n máa fi òwú dí etí."

"Bíréèkì ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ní bíréèkì. Ẹnu ẹ̀ ni kò ní."

"Ilẹ̀kùn mélòó ló ní?"

Ìyá aránṣọ lanu, ó tún pa á dé. "Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ọmọ mi, ọkọ wo lo ti rí tó nílẹ̀kùn?"

"Mà, bí kò bá nílẹ̀kùn, ibo lẹ ń gbà wọ inú ẹ̀?"

"Yéè! Orí mi o! Ọkọ ni mo wí! Ọkọ! Ọkùnrin! Ẹni tó gbé mi níyàwó! Bàbá àwọn ọmọ mi!"

Akọ̀wé sáré ṣí gíláàsì. Ojú tì í, àmọ́ kò pọ̀ púpọ̀.

"Háà! Ọkọ! Ẹ má bínú, mà. Gíláàsì yìí ló máa ń fa ohùn èèyàn wálẹ̀. Lánàá, ẹnì kan ní igbá òun sọnù, mo bi í pé igba kí ni, díẹ̀ ló kù ká fìjà pẹẹ́ta."

"O ò sì lè ṣí i láti àná?"

"Atẹ́gùn máa ń wọlé, mà." Ó yíjú sí pẹpẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀. "Mi ò rò pé a ní ọkọ níbí. Agboorùn la ní. Bàtà ẹsẹ̀ kan. Eyín àtọwọ́dá."

"Ta ló gbàgbé eyín sí èbúté?"

"A ò mọ̀, mà. Bóyá ó ti wá, tí kò rí ẹnu sọ ọ́."

"Gbọ́ mi, ọmọ mi. Gbọ́ mi dáadáa, fi agboorùn yẹn sílẹ̀. Ọkọ̀ òkun tó wà níta yẹn ló ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin. Àkọ́bí ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, oṣù ẹ̀ sì ti pé. Ó ní tí òun ò bá rí ojú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ò ní í bí i. Ó gba orí kunkun lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, ó lè ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ mìíràn. Èyí ti fun fèrè lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fi lè fun ún lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti lọ nìyẹn."

"Ẹ kúkú wọkọ̀, mà. Tí ọkọ yín bá dé, á bá yín níwájú."

"Ìwé ìrìnnà mi wà lára ẹ̀."

"Níbo lára ẹ̀?"

"Nínú ṣòkòtò ẹ̀."

Akọ̀wé wo ilẹ̀.

"Gbójú sókè, jàre! Aránṣọ ni mí. Nígbà tí a fẹ́ kúrò nílé lọ yí ayé po, mo rán àpò kan sínú ṣòkòtò ẹ̀, lápá inú pátápátá, níbi tí ọwọ́ olè kankan ò lè dé láìkọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo kó ìwé ìrìnnà àwa méjèèjì sí i. Mo rò pé mo gbọ́n."

"Ẹ gbọ́n o, mà. Kò sólè tó lè jí i."

"Olè ò kúkú jí i. Àpò náà ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ."

"Ẹrù yín ńkọ́?"

"Ẹrù wa ti wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀rù nìkan ló kù sí mi lọ́wọ́."

Ojú akọ̀wé ṣàdédé tàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ló tàn án o. Ohun tí ìyá ti sọ ṣáájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ létí.

"Mà, ẹ ní ẹ yí ayé po? Ẹ̀yin àti ọkọ yín? Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó tèmi! Àfẹ́sọ́nà mi ti búra pé a máa jọ rìn káyé ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

"Báyìí?"

"Tí kò bá ní í ni yín lára."

"Kí ló máa ni mí lára? Ọkọ mi sọnù, ọkọ̀ mi fẹ́ ṣí, ọmọ mi fẹ́ bímọ. Ìgbà wo ni àyè tún máa gbà mí tó báyìí? Gbé àga wá, ká ṣeré."

Akọ̀wé dìde, ó gbé àga wá ní tòótọ́. Ó gbé e gba ojú fèrèsé kọjá, ó sì tún nu ìdí ẹ̀.

Ìyá aránṣọ wo àga náà, ó wo akọ̀wé, ó sì jókòó, nítorí pé orúnkún ẹ̀ ń dùn ún. "Ó dáa. Èyí tó ṣe kókó jù nìyí: má rán àpò sára ohun tó lẹ́sẹ̀."

"Mo gbọ́, mà. Báwo ló ṣe sọnù gan-an?"

"Ó fẹ́ lọ tọ̀. Mo ní, 'Béèrè ọ̀nà.' Ó ní, 'Mo mọ̀nà.' Orúkọ tí mo ń pè é nìyẹn, Mo-Mọ̀nà. Awọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì. Ó fi gbogbo ayé ẹ̀ wọn ilẹ̀ onílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò mọ ibi tó dúró sí."

"Àwọn àgbà kúkú ní abèèrè kì í ṣìnà."

"Ó mọ òwe yẹn. Ó ní àwọn ọ̀lẹ ni wọ́n pa á fún. Ìlú kan wà tí a dé, ilé oúnjẹ wà ní òdìkejì títì sí ilé tí a wọ̀ sí. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mò ń rí ohun tí wọ́n ń jẹ. Mo-Mọ̀nà ní ká má kàn sọdá bẹ́ẹ̀, òun mọ ọ̀nà àbùjá. A rìn. A kọjá nílé ẹjọ́. A kọjá níbi tí wọ́n ti ń sìnkú, wọ́n tiẹ̀ kí wa kú ìyọnu. Nígbà tí a fi máa dé ilé oúnjẹ náà, wọ́n ti ń gbálẹ̀."

"Ẹ ò bá a jà?"

"Mo bá a jà, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìṣe. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ máa jẹun kí ẹ tó jà. Tí ebi bá ń pa èèyàn, á sọ ohun tí ìdílé ẹ̀ ti fi pa mọ́ láti ìran bàbá ńlá."

"Àwọn ìlú yẹn ńkọ́, mà? Báwo layé ṣe rí?"

"Ayé rí róbótó. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi lè máa yí po, tí á sì máa sọ pé iwájú lòún ń lọ."

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ọkọ mi. Òun ló máa ń ṣíwájú. Òkè ńlá, afárá ńlá, ilé tí wọ́n fi igba ọdún kọ́, ẹ̀yìn ẹ̀wù ẹ̀ ló dí gbogbo ẹ̀ mọ́ mi lójú. Mo mọ ìránṣọ ẹ̀yìn ẹ̀wù yẹn ju bí mo ṣe mọ ayé lọ. Ó dáa pé èmi ni mo rán an."

"Ṣé ẹ ya fọ́tò?"

"Òun ló ń yà mí. Mi ò lórí nínú ìkankan. Tí o bá rí àwọn fọ́tò náà, wàá rò pé aṣọ mi nìkan ló lọ."

Níta, fèrè ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó gùn, ó sì wúwo. Ìyá aránṣọ fò dìde, àga ṣubú.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn! Ẹ̀ẹ̀kejì ti dún! Ọmọ yìí, ṣe nǹkan kan!"

"Ẹ farabalẹ̀, mà. Ẹ pè é lórí fóònù."

Ìyá aránṣọ ti ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ fóònù kan jáde, ó gbé e sí i níwájú. "Fóònù ẹ̀ nìyí. Ó ní kí n bá òun mú un dání kó má baà sọnù."

Akọ̀wé ronú. A máa ronú lóòótọ́, ẹnu ẹ̀ a sì máa là bí ó bá ti ń ṣe é. "Ó tó ká kéde ẹ̀. Ẹ ṣàpèjúwe ẹ̀ fún mi. Ṣé irun ẹ̀ pọ̀?"

"Nínú ìwé ìrìnnà, ó pọ̀."

"Lórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Gbogbo ìlú tí a bá dé, ọkọ mi á kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wọn. 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Ó ní ẹni tó bá ti lè sọ 'bẹ́ẹ̀ ni,' ó ti gbọ́ èdè. Níbi tí a kọ́kọ́ sùn sí, wọ́n bi wá bóyá a fẹ́ sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi wà lókè, òun wà nísàlẹ̀, ogiri la fi ń kíra. Ìlú kejì, ó lọ gẹ irun. Agẹrun bi í ní nǹkan kan. Mo-Mọ̀nà mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó wọlé dé, mo kí i ní 'Ẹ káàbọ̀, sà,' mo rò pé àlejò ni."

"Kò wá hù padà?"

"Kò hù. Kò sì ní í hù mọ́, ọjọ́ orí ti dé ibẹ̀. Gbogbo ibodè tí a bá dé, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á wo orí, wọ́n á bi í pé, 'Ṣé ìwọ rèé?' Ohun tó sì mọ̀ ọ́n sọ náà nìyẹn."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyá, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ha orí tábìlì.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ ti sọ yìí, ṣé kí n sọ fún àfẹ́sọ́nà mi pé ká jókòó sílé ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ?"

"Ẹ ò sọ ohun rere kan, mà."

Ìyá aránṣọ gbé àga tó ṣubú dìde, ó jókòó padà. 

"Ìlú olótùútù kan wà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gé etí bí abẹ. Ọkọ mi bọ́ fìlà ẹ̀, ó fi dé mi lórí. Pẹ̀lú orí dídán yẹn o, nínú òtútù yẹn. Ó ní òtútù ò mú òun. Irọ́ ni. Eyín ẹ̀ ń lura wọn kọ̀ọ́kọ̀ọ́kọ̀ọ́, ó ṣì ń sọ pé ooru ń mú òun. Ó purọ́ yẹn títí a fi dé ilé tí a wọ̀ sí, kò sì gba fìlà náà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò tíì sùn lọ́jọ́ kan láìgbọ́ ariwo imú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi wá sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn, mo lajú sílẹ̀ di àárọ̀. Mi ò lè wọ ọkọ̀ yẹn láìsí i, ọmọ mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré."

Akọ̀wé mi orí. Omi fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀.

"Nítorí ìwé ìrìnnà ni o," ni ìyá aránṣọ yára fi kún un. "Má rò ó síbòmíì."

"Ó yé mi, mà."

"Ó dáa kó yé ọ. Ó yá, kéde!"

Akọ̀wé fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ra. Ó tún kọ́là ẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ń rí i. Ó gbọ́ ohùn ara ẹ̀ lókè àjà, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

"Ẹ fetí sílẹ̀ o, gbogbo ẹ̀yin èrò! Obìnrin kan wà ní fèrèsé Ohun Tó Sọnù. Ó ń wá ọkọ. Aránṣọ ni, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ti rìn káyé. Ó ní òun ò lè wọ ọkọ̀ òkun láìsí ọkọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lọ̀rọ̀ kàn, kó yára máa bọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ tó ṣí!"

Ó pa ẹ̀rọ. Ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Ìyá aránṣọ ti gbé ọwọ́ lérí. "Kí lo sọ yẹn?"

"Mo ní ẹ ń wá ọkọ. Ṣé ẹ ò wá ọkọ ni?"

"Mò ń wá ọkọ mi! Ọkọ mi! 'Mi' ńkọ́? Ibo lo ju 'mi' sí?"

"Mà, ọ̀rọ̀ kékeré ni 'mi' yẹn."

"Kékeré kẹ̀? 'Mi' yẹn gan-an ni ìgbéyàwó! Ọkọ ló kún ìta. 'Mi' ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ń tọ́jú! Sátidé ni tìrẹ, àbí? Lọ sọ fún ìyàwó rẹ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín 'ìyàwó' àti 'ìyàwó mi.' Ìrìn àjò rẹ á parí lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n tún un kéde."

Kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Akọ̀wé lọ yọjú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ojú ẹ̀ ti yí.

"Mà, wọ́n ti tò."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọkọ."

"Èèmọ̀ wọ̀lú! Lé wọn lọ!"

"Èèyàn gidi wà níbẹ̀ o, mà. Ẹni tó wà níwájú, alábàárù ni. Apá ẹ̀ le. Mo bi í bóyá ó níyàwó, ó ní àyè ṣì kù."

"Mo ní kí o lé wọn lọ!"

"Èyí tó tẹ̀ lé e, bàbá àgbà kan ni. Ó ní ìgbéyàwó kọ́ lòún bá wá, àga lòún ń wá. Àmọ́ bí ìgbéyàwó náà bá ní àga nínú, òun náà ò kọ̀. Ẹnì kẹta, ọ̀gá atukọ̀ ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ funfun báláú."

"Atukọ̀? Ti ọkọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ yẹn náà, mà. Ó ní òun ti gbọ́ ìkéde, òun wá wò ó fìrí. Ìdí nìyẹn tí fèrè kẹta ò fi tíì dún. Òun ló ń fun ún."

Ìyá aránṣọ sún mọ́ fèrèsé. Ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. "Akọ̀wé mi àtàtà."

"Mà?"

"Má lé ẹnikẹ́ni lọ mọ́. Pàápàá atukọ̀ yẹn. Bó bá fẹ́ kúrò lórí ìlà, so ó mọ́lẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń fẹ́ mi, ọkọ̀ ò lè lọ."

"Kí n wá bi í ní kí ni?"

"Bi í ní oríkì ìran ẹ̀. Bi í ní ohun tó jẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Bi í bóyá ó máa ń béèrè ọ̀nà!"

Akọ̀wé lọ, ó bọ̀. "Ó ní dandan ni kí òun béèrè ọ̀nà, mà. Ó ní omi ò ní àmì lójú."

Ìyá aránṣọ mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan. Irú wọn wà láyé, èmi ni mi ò rìn dé ibẹ̀. Ó ku ta ni?"

"Ó ku ẹnì kan, mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èyí ò ga púpọ̀. Kò sí irun lórí ẹ̀, àmọ́ ó ń tutọ́ sọ́wọ́, ó fi ń pa ibi tí irun ì bá wà."

"Kí ló wọ̀?"

"Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Ṣòkòtò ẹ̀ ló ṣe mí láàánú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Mà, kí n má purọ́, aránṣọ tó rán ìyẹn ò mọṣẹ́ rárá."

"Èmi ni mo rán an," ni ìyá aránṣọ wí. Ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kò dọ́gba."

Akọ̀wé la ẹnu, ó fi ọwọ́ bò ó.

"Ọpẹ́ o," ni ìyá aránṣọ wí, ó di àyà mú. "Olúwa, mo dúpẹ́, kò kú, kò já sómi." Lẹ́yìn náà ló tó rántí ibi tí ọkùnrin náà dúró sí. "Dúró ná. Ìlà àwọn tó ń wá ìyàwó ló wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé o bi í bóyá ó níyàwó?"

"Mo bi gbogbo wọn."

"Kí ló sọ?"

"Mà, ẹ jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà lọ."

"Akọ̀wé! Kí ló sọ?"

"Ó ní... ó ní, 'Kò sí lọ́dọ̀ mi báyìí.'"

"Hẹn-ẹn."

"Òótọ́ kúkú ni, mà. Ẹ ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀."

"Mo ní hẹn-ẹn. Báwo ló ṣe wá dé ibí? Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tọ̀, ta ló fọ̀nà ẹ̀yìn hàn án?"

Akọ̀wé rò pé òun máa fi èyí tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ojú ẹ̀ tàn. "Ìyẹn ló wú mi lórí nípa ẹ̀, mà! Ó rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀. Alábàárù ní ó béèrè lọ́wọ́ òun, bàbá àgbà ní ó béèrè lọ́wọ́ òun náà, ó tún dá obìnrin tó ń gbálẹ̀ dúró. Ó ń sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni fèrèsé náà wà?'"

Ìyá aránṣọ ò mira. Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi sí i lára.

"Ó béèrè ọ̀nà," ló wí.

"Lẹ́ẹ̀mẹta, mà."

"Mo-Mọ̀nà. Béèrè. Ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ mi gbo ilẹ̀ gbogbo ayé, ó fi ebi pa mí níwájú ilé oúnjẹ, ó mú mi kọjá níbi tí wọ́n ti ń sìnkú ẹni ẹlẹ́ni, kò béèrè. Wọ́n wá ní obìnrin kan ń wá ọkọ, ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀!"

"Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń wá òun, mà."

"Tó bá mọ̀ pé èmi ni, kí ló ń fi itọ́ pa lórí?"

Akọ̀wé tún gbé agboorùn náà, ó ń nù ún. Níta, wọ́n ń pe ọ̀gá atukọ̀ láti inú ọkọ̀, ohùn wọn ń le sí i.

"Mà, wọ́n ń wá atukọ̀ o! Ọkọ̀ ò ní í pẹ́ lọ! Ṣé kí n pe ọkọ yín wọlé, àbí kí n ní kó máa lọ?"

Ìyá aránṣọ dìde. Ó tún aṣọ ẹ̀ ṣe, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó wo ọ̀nà ọkọ̀, ó wo ọ̀nà ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wá na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra, ó sì tàn án.

"Ẹ kú ìdúró o, gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin orí ìlà," ni ohùn ẹ̀ dún ní gbogbo èbúté. "Inú mi dùn sí yín. Ipò ti kún. Bàbá àgbà, àga wà níbí, ẹ wá gbé e. Ọ̀gá atukọ̀, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ìwọ olórí dídán tó gbẹ̀yìn, ìwọ ni mo mú! Máa sáré bọ̀! Má rò pé ẹwà ló wọlé fún ọ o. Ohun tó wà nínú ṣòkòtò rẹ ni mo nílò, kíákíá ni mo sì nílò ẹ̀!"

Ẹni tó ń gbálẹ̀ dá ìgbálẹ̀ dúró. Alábàárù bọ́ fìlà ẹ̀ láti fi ọ̀wọ̀ hàn.

Akọ̀wé bojú. "Mà," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "gbogbo ayé ló gbọ́ o."

"Kí wọ́n kúkú gbọ́," ni ìyá aránṣọ dáhùn, ẹ̀rọ náà ò sì tíì kú. "Kí àwọn yòókù lè mọ ohun tó fi borí wọn."